A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Ọ̀nà Ìṣẹ̀dá Ẹ̀rọ Pẹ̀lú Ìwà Ọmọlúàbí àti Àìṣègbè, Pẹ̀lú Àyẹ̀wò Àkọtọ́ Yorùbá Lórí Fóònù àti Kọ̀ǹpútà

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ẹ̀rọ kì í ṣe ojúsàájú, pé bí ó ti ń ṣiṣẹ́ fún ẹnìkan ni ó ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Iṣẹ́ yìí yẹ èrò náà wò, ó sì fi hàn pé ìpinnu ènìyàn ló wà nínú ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àti pé ẹni tí kò sí níbi tí wọ́n ti ṣe ìpinnu ló sábà máa ń ru ẹrù rẹ̀. A ṣe àlàyé ọ̀nà mẹ́ta tí àwọn onímọ̀ ti là sílẹ̀ fún ìṣẹ̀dá ẹ̀rọ pẹ̀lú ìwà ọmọlúàbí àti àìṣègbè. A wá fi àwọn ọ̀nà náà yẹ àkọtọ́ Yorùbá wò ní ibi mẹ́ta: àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù, àkójọ àmì Unicode, àti ẹ̀rọ ìtumọ̀ èdè. Àbájáde iṣẹ́ yìí ni pé inú rere àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ kò tó. Ó di dandan kí olórí wà níjòókòó nígbà tí a bá ń fá orí rẹ̀. Ní ìparí, a dábàá ohun tí olùkọ́ èdè àti akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ olùkọ́ni lè ṣe.

1.0 Ìfáárà

Kò sí olùkọ́ èdè Yorùbá tí kò mọ ìṣòro yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ọwọ́ kọ ìdánwò rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn tó pé, ṣùgbọ́n bí ó bá di pé kí ó tẹ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, àmì ohùn á di àwátì, àmì abẹ́ lẹ́tà á sì fò kúrò lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Bí a bá bi í léèrè, yóò ní ẹ̀rọ ni kò gbà fún òun. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gba àwáwí yìí tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń ka ìwé tí kò ní àmì bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá a.

Ohun tó ń bọ́ lọ́wọ́ wa kò kéré. Bí a bá yọ àmì kúrò lára ọkọ (ti ìyàwó), ọkọ́ (ti àgbẹ̀), ọkọ̀ (ti ìrìnnà) àti ọ̀kọ̀ (ti ogun), “oko” kan ṣoṣo ni yóò ṣẹ́ kù. Oko tí a ń ro wà lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan tí a kì í sọ níwájú àgbà sì wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ tó bá ti kékeré mọ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò dàgbà pẹ̀lú èrò pé àmì jẹ́ ọ̀ṣọ́ tí olùkọ́ fi ń yọ máàkì lára ènìyàn.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn nìyí: kí ló dé tí ẹ̀rọ kò fi gbà? Ta ló pinnu bẹ́ẹ̀? Ọ̀nà wo ni a lè gbà ṣe ẹ̀rọ tí irú rẹ̀ kò fi ní máa ṣẹlẹ̀? Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Abẹ lè mú, kí onígbàjámọ̀ sì mọṣẹ́ dunjú. Bí olórí kò bá sí níjòókòó, orí ta ni yóò fá? Òwe yìí ni òpó tí iṣẹ́ yìí fara tì.

2.0 Ìtumọ̀ Àwọn Kókó Ọ̀rọ̀

Ohun tí a pè ní ẹ̀rọ nínú iṣẹ́ yìí kò mọ sórí irin àti wáyà. Ìlànà tó ń darí irin náà wà lára rẹ̀: iye lẹ́tà tí fóònù lè fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, àkójọ ìwé tí a fi kọ́ ẹ̀rọ ní èdè. Ènìyàn ló pinnu gbogbo wọn, wọn ì bá sì ti rí bí wọ́n ṣe rí bí ẹlòmíràn bá ló pinnu.

Ìwà ọmọlúàbí, ní ojú Yorùbá, kọjá kí ènìyàn má jalè, kí ó má purọ́. Ó kan kí ènìyàn ro ti ẹlòmíràn mọ́ tirẹ̀ kí ó tó dáwọ́ lé ohunkóhun. Àìṣègbè ní tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí ìdọ́gba. Bí a bá fún gbogbo ọmọ kíláàsì ní bàtà nọ́ńbà kan náà, ìdọ́gba nìyẹn. Bí a bá wọn ẹsẹ̀ olúkúlùkù kí bàtà lè bá a mu, àìṣègbè ni a ṣe. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló dọ́gba tí kò sì yẹ̀ fún ègbè, nítorí ẹsẹ̀ àwọn kan ni wọ́n fi wọn bàtà gbogbo ayé.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mú èrò kan kúrò lọ́nà, èyí tó sọ pé bí ọkàn olùṣẹ̀dá bá ti mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ yóò dára fún gbogbo ènìyàn. Ní 2005, Nicholas Negroponte àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ètò One Laptop per Child, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò rí jájẹ lè ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ní dọ́là 100. Wọ́n dán an wò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Galadima ní Àbújá ní 2007. Orílẹ̀-èdè Perú ló ra èyí tó pọ̀ jù. Nígbà tí Báńkì Ìdàgbàsókè fún Ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde ní 2012 lórí ilé-ẹ̀kọ́ 319 ní ìgbèríko Perú, wọn kò rí ẹ̀rí pé máàkì ọmọ ga sí i nínú ìṣirò tàbí èdè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n rí àǹfààní díẹ̀ nínú bí àwọn ọmọ ṣe ń ronú. Kò sí ẹni tó lè sọ pé inú àwọn tó dá ètò náà sílẹ̀ kò dára. Ṣùgbọ́n wọ́n ti parí ẹ̀rọ kí ó tó dé ọwọ́ olùkọ́ tí yóò fi ṣiṣẹ́. Ohun tí olùkọ́ ìgbèríko nílò gan-an kò sí lára ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìrònú.

3.0 Ọ̀nà Mẹ́ta Tí Àwọn Onímọ̀ Là Sílẹ̀

3.1 Kí òǹlò kópa nínú ìṣẹ̀dá

Ilẹ̀ Nọ́wè ni a ti rí gbòǹgbò ọ̀nà yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Kristen Nygaard, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá èdè kọ̀ǹpútà Simula sílẹ̀, bá ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ irin ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ̀rù ń ba àwọn òṣìṣẹ́ pé kọ̀ǹpútà tí àwọn ọ̀gá fẹ́ kó wọlé yóò gba iṣẹ́ àti ọgbọ́n ọwọ́ wọn. Nygaard kò jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ kí ó máa ro ohun tí wọ́n fẹ́. Ó bá wọn kẹ́kọ̀ọ́ nípa kọ̀ǹpútà kí àwọn fúnra wọn lè bá ọ̀gá dúnàá-dúrà. Ní 1975, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn agbanisíṣẹ́ fọwọ́ sí àdéhùn tó fún òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ nípa ẹ̀rọ tuntun kí wọ́n tó gbé e wọ ibi iṣẹ́, kí wọ́n sì sọ èrò wọn lórí rẹ̀.

Láti 1981 sí 1985, iṣẹ́ àkànṣe UTOPIA ní Swídìn àti Dẹ́nmáàkì gbé ọ̀nà náà síwájú pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ìṣòro tí wọ́n kọ́kọ́ bá pàdé ni pé bí onímọ̀ kọ̀ǹpútà bá ń fi èdè iṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò yé òṣìṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá ń sọ tirẹ̀, kò yé onímọ̀. Wọ́n wá fi páálí àti pákó ṣe àfarawé ẹ̀rọ tí kò tíì sí. Òṣìṣẹ́ yóò dúró tì í bí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, yóò na ọwọ́ síbí, yóò na ọwọ́ sọ́hùn-ún, yóò sì sọ ibi tí kò ti bá òun lára mu. Páálí kò wọ́n, ó sì rọrùn láti gé dànù. Nítorí náà, ojú kò ti ẹnikẹ́ni láti sọ pé kò dára.

3.2 Kí a mọ gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn

Batya Friedman ti Yunifásítì Washington ló ṣe agbátẹrù ọ̀nà kejì láti àwọn ọdún 1990. Kókó rẹ̀ ni pé ohun tí ènìyàn kà sí pàtàkì, bí ọ̀wọ̀, àṣírí, òmìnira àti ìgbàgbọ́, gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣẹ̀dá ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Friedman pín àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé àwọn gan-an ló ń lo ẹ̀rọ. Àwọn mìíràn wà tí wọn kò fọwọ́ kàn án rí, ṣùgbọ́n tí ó ta bá wọn. Bí a bá wo ẹ̀rọ tí ilé ìwòsàn fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀, dókítà àti nọ́ọ̀sì ló ń lò ó, ṣùgbọ́n àṣírí aláìsàn ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí a bá gbàgbé nínú ìsọ̀rí kejì yìí ni ìyà sábà máa ń jẹ jù.

Ọ̀nà yìí ní iṣẹ́ mẹ́ta tó ń tẹ̀lé ara wọn, tó sì tún ń padà sọ́dọ̀ ara wọn: kí a ronú jinlẹ̀ lórí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn àti ohun tó ṣe pàtàkì sí i, kí a lọ bá àwọn ènìyàn náà, kí a wo ìṣe wọn, kí a gbọ́rọ̀ lẹ́nu wọn, kí a sì yẹ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ wò láti mọ ohun tó gbà láàyè àti ohun tó dí lọ́nà.

3.3 Kí a béèrè ẹni tó jèrè àti ẹni tó ru ẹrù

Ọ̀nà kẹta ni Sasha Costanza-Chock ṣàlàyé nínú ìwé Design Justice tó jáde ní 2020. Ìbéèrè mẹ́ta ló rọ̀ mọ́: Ta ló wà níbi ìpinnu? Ta ló ń jèrè ẹ̀rọ náà? Ta ló ń ru ẹrù rẹ̀? Ohun tí ọ̀nà yìí fi kún méjì ìṣáájú ni ọ̀rọ̀ agbára. Ó ṣeé ṣe kí a pe ènìyàn sípàdé, kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí a sì ṣe ohun tí a ti fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀. Irú ìpè bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí kí a pe ènìyàn wá síbi ọdún, kí a ní kí ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìkópa tòótọ́ ni kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè sọ pé “rárá”, kí rárá rẹ̀ sì múlẹ̀.

4.0 Àkọtọ́ Yorùbá Nínú Ẹ̀rọ

4.1 Àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù

Ní 1985, ní ìlú Bonn ní Jámánì, Friedhelm Hillebrand, tó wà lára àwọn tó ń ṣètò ìlànà fóònù alágbèéká GSM, jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, ó ń tẹ oríṣiríṣi gbólóhùn, ó sì ń ka iye lẹ́tà àti àlàfo tó wà nínú wọn. Ó rí i pé gbólóhùn tó ju 160 lọ kò wọ́pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni 160 ṣe di òdiwọ̀n àtẹ̀jíṣẹ́ kan.

Bí ìṣirò náà ṣe lọ nìyí. Àyè tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan ní kò ju bíìtì 1,120 lọ. Bí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bá gba bíìtì 7, lẹ́tà 160 ni yóò wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bíìtì 7 kò lè dá ju àmì 128 mọ̀. Nítorí náà, wọ́n ní láti yan àwọn lẹ́tà tí yóò wà lára 128 náà. Ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ń ṣe é fún, èdè Yúróòpù ni wọ́n sì fi yan lẹ́tà. Bí a bá wo àkójọ náà, a ó rí à, è, ì, ò, ù àti é níbẹ̀, nítorí àwọn bí Faransé àti Ítálì. A kò ní rí á, í, ó, ú. A kò ní rí ẹ, ọ, ṣ.

Kí ni yóò wá ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó tẹ ẹ kan ṣoṣo sínú àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀? Fóònù yóò kúrò lórí bíìtì 7, yóò bọ́ sórí bíìtì 16, àyè 160 yóò sì wá sílẹ̀ di 70. Bí iṣẹ́ tó fẹ́ jẹ́ bá gùn tó 160, ẹ̀rọ yóò gé e sí wẹ́wẹ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò sì ní ju 67 lọ, nítorí ẹ̀rọ nílò àyè díẹ̀ láti fi so wọ́n pọ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́ta ni yóò san owó rẹ̀. Ẹni tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ iye lẹ́tà kan náà yóò san owó ẹyọ kan. Èyí túmọ̀ sí pé láti ìgbà tí fóònù GSM ti wọ Nàìjíríà ní 2001, ẹni tó bá fi àkọtọ́ tó péye kọ Yorùbá nínú àtẹ̀jíṣẹ́ ni ó ń san owó jù. Ẹni tó yọ àmì kúrò kò ya ọ̀lẹ. Ó mọ ìṣirò owó.

Òótọ́ ni pé àwọn ọ̀nà ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi WhatsApp kò ní ìdíwọ́n yìí. Síbẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ ni ẹni tó ní fóònù kékeré tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì ń lò, òun náà sì ni kò lówó láti san lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí a bá fi ìbéèrè Costanza-Chock wò ó, ìdáhùn kò fara sin: ará Yúróòpù wà níbi ìpinnu, ó sì jèrè, tálákà tó ń kọ Yorùbá ló ru ẹrù. Hillebrand kò ṣe wá níbi. A kàn kò sí níbẹ̀ ni.

4.2 Àkójọ àmì Unicode

Unicode ni ìlànà tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, kí ìwé tí a tẹ̀ ní Ìbàdàn lè ṣeé kà ní Ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991. Kí ó tó gbilẹ̀, ọ̀nà tí a ń gbà tẹ Yorùbá ni pé kí ẹnìkan tún àwòrán lẹ́tà ṣe sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kí àmì kan tí a kò lò máa yọ bí ẹ. Bí a bá gbé ìwé náà dé orí kọ̀ǹpútà mìíràn, rádaràda ni yóò dà. Ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ Yorùbá tí a tẹ̀ nígbà náà ni kò ṣeé ṣí mọ́. Oore ńlá ni Unicode ṣe fún wa, ó sì yẹ kí a sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ibi tí oore náà dé nìyí. Ẹ àti ọ ní nọ́ńbà tiwọn. Ìsọ̀rí lẹ́tà èdè Fiẹtnáàmù ni wọ́n wà, nítorí èdè náà pẹ̀lú ń fi àmì sí abẹ́ e àti o. Ẹ́, Ẹ̀, Ọ́, Ọ̀ àti àwọn kékeré wọn, mẹ́jọ lápapọ̀, kò ní nọ́ńbà kankan. Bí a bá fẹ́ tẹ ọ̀kan nínú wọn, a ní láti to nọ́ńbà méjì tàbí mẹ́ta léra wọn. Lẹ́tà Fiẹtnáàmù tó ru àmì méjì, bí ế, ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀.

Kí ló fa ìyàtọ̀ yìí? Àwọn ọmọ Fiẹtnáàmù kan tó ń gbé ní òkè òkun kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Viet-Std. Wọ́n ṣe àkójọ lẹ́tà èdè wọn fún kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 1992 pẹ̀lú orúkọ VISCII, wọ́n sì ń bá àwọn tó ń ṣètò ìlànà àgbáyé sọ̀rọ̀ ní àkókò tí wọ́n ń pín nọ́ńbà lọ́wọ́. Ní 1993, lẹ́tà wọn wọlé. Ní tiwa, àkọtọ́ wà nílẹ̀. Bámgbóṣé ti kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1965. Ìjọba sì ti fọwọ́ sí àkọtọ́ àjùmọ̀lò ní 1974, ọdún 17 ṣáájú Unicode. Àkọtọ́ tó wà nínú ìwé nìkan kò tó. Ó gba ẹni tí yóò gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń pín nǹkan. Ní báyìí, ìlẹ̀kùn ti tì: Unicode kò fi lẹ́tà alámì tí a lè fi nọ́ńbà tó wà nílẹ̀ tò pọ̀ kún àkójọ rẹ̀ mọ́, kí ìwé tí a ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀ má bàa dàrú.

Àwọn onímọ̀ kan yóò sọ pé títò léra kò burú, pé ọ̀nà ọgbọ́n ni, nítorí pẹ̀lú àmì díẹ̀ a lè kọ èdè púpọ̀. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, bí gbogbo ẹ̀rọ bá mọ bí a ti ń to àmì léra dáadáa. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ọ́n: àmì ohùn a máa fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kí ó yọ bí àpótí òfìfo. Èyí tó le jù ni ti ìwákiri. Ọ́ ṣeé tò ní ọ̀nà mẹ́ta ó kéré tán: ọ pẹ̀lú àmì òkè, ó pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀, tàbí o lásán pẹ̀lú àmì méjèèjì. Ojú ènìyàn kò rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọn kò kọ́ láti mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n yóò sọ pé ọ̀rọ̀ tí a ń wá kò sí, nígbà tí ó wà nínú ìwé náà nígbà ogún. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń wá ọ̀rọ̀ “ọ́fíìsì” lè pa dà lọ́wọ́ òfo.

4.3 Ẹ̀rọ ìtumọ̀ èdè

Google fi Yorùbá kún èdè tí ẹ̀rọ ìtumọ̀ rẹ̀ ń lò ní oṣù Kejìlá 2013. Inú ọ̀pọ̀ wa dùn. Kò pẹ́ tí àwọn òǹlò fi ṣàkíyèsí pé bí wọ́n bá tẹ Èṣù sínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Sátánì ni ó ń gbé jáde. Kì í ṣe pé ẹnìkan jókòó, ó fẹ́ bú àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀. Irú ẹ̀rọ yìí ń kọ́ èdè láti inú ìwé tó bá rí ní èdè méjèèjì. Ìwé ẹ̀sìn pọ̀ nínú Yorùbá tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Bíbélì Yorùbá sì ti sọ Sátánì ní Èṣù láti ọ̀rúndún 19. Ẹ̀rọ kọ́ ohun tí a gbé síwájú rẹ̀.

Níbi yìí ni ọ̀nà Friedman ti wúlò jù. Ta ni ọ̀rọ̀ yìí ta bá? Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ láti ka ìròyìn kò fura sí i. Babaláwo tí kò mọ ohun tí kọ̀ǹpútà ń jẹ́, olórìṣà ní Brazil tó ń ké pe Exu, ẹni tó ń bọ Eleguá ní Kúbà: àwọn wọ̀nyí ni ẹ̀rọ náà ń sọ ní ọmọ ẹ̀yìn Sátánì níwájú gbogbo ayé. Ìgbà tí àwọn ọmọ Yorùbá, tó fi mọ́ onímọ̀ èdè Kọ́lá Túbọ̀sún, fi ẹ̀hónú hàn ni àtúnṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wáyé. Ẹ̀hónú dára, àmọ́ ẹ̀yìn tí a ti fá orí tán ni ó wá.

5.0 Nígbà Tí Olórí Bá Wà Níjòókòó

Ó ṣeé ṣe láti ṣe é lọ́nà mìíràn. Ní 2019, àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kọ̀ǹpútà láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Áfíríkà dá ẹgbẹ́ Masakhane sílẹ̀, orúkọ èdè Súlú tó túmọ̀ sí pé kí a jọ kọ́ ọ. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 2020, wọ́n ṣàlàyé bí àwọn tó lé ní 400 ṣe pawọ́ pọ̀ ṣe ẹ̀rọ ìtumọ̀ fún èdè Áfíríkà tó lé ní 30. Ohun tí wọ́n yí padà ni ẹni tí wọ́n pè ní oníṣẹ́. Kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan ló wà níbẹ̀. Ògbufọ̀ wà níbẹ̀, olùkọ́ èdè wà níbẹ̀, ẹni tó kàn gbọ́ èdè abínibí rẹ̀ dáadáa náà wà níbẹ̀, ó ń yẹ ohun tí ẹ̀rọ sọ wò, ó sì ń sọ ibi tí ó ti kùnà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀.

Ní ti Yorùbá gan-an, Orife (2018) kọ́ ẹ̀rọ láti dá àmì ohùn padà sórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ láìní àmì. Adélání àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ (2021) ṣe MENYO-20k, àkójọ gbólóhùn Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì tó tó bí 20,000, tí wọ́n fa yọ láti inú ìròyìn, fíìmù, rédíò àti ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, kí ẹ̀rọ má bàa máa fi èdè ìwé ẹ̀sìn nìkan sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ méjèèjì fi hàn pé nígbà tí ọmọ èdè bá wà nídìí iṣẹ́, ohun tí a kà sí ìṣòro kékeré tẹ́lẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbájú mọ́.

A gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún ara wa pẹ̀lú, nítorí àwa náà lè fá orí lẹ́yìn olórí. Yorùbá ilẹ̀ Benin ń lo àkọtọ́ tí orílẹ̀-èdè wọn ṣètò ní 1975: wọ́n ń kọ ɛ àti ɔ níbi tí àwa ti ń kọ ẹ àti ọ, wọ́n sì ń kọ sh fún ṣ. Bí a bá ṣe kíbọ́ọ̀dù “Yorùbá” tí kò ní ɛ àti ɔ, ohun tí àwọn ará Yúróòpù ṣe fún wa ni a ṣe fún ará Kétu. Bí a bá ṣe ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, tí a kó ohùn àwọn tó ń sọ Yorùbá àjùmọ̀lò nìkan jọ, ìyá àgbà ní Èkìtì yóò sọ̀rọ̀ títí, ẹ̀rọ kò ní gbọ́. Afọ́jú tí kọ̀ǹpútà ń ka ìwé fún ńkọ́? Bí ẹ̀rọ bá ń ka ọkọ̀ bí ọkọ́, ta ni yóò ṣàlàyé fún un?

6.0 Ohun Tí Ó Kan Olùkọ́

Olùkọ́ kì í ṣe ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn tí yóò ṣe é àti àwọn tí yóò lò ó ti ń kọjá. A dábàá ohun mẹ́rin.

Èkíní, kí a fi ìtẹ̀wé Yorùbá kún ẹ̀kọ́ àkọtọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ òfin àmì ohùn tí kò mọ bí a ti ń tẹ̀ ẹ́ ti kọ́ ìdajì. Àwọn kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tó bá ìlànà Unicode mu wà fún fóònù àti kọ̀ǹpútà báyìí. Àwáwí pé ẹ̀rọ kò gbà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá.

Èkejì, kí a má ṣe gba ẹ̀rọ tàbí ètò orí kọ̀ǹpútà kankan wọ ilé-ẹ̀kọ́ láìbéèrè ìbéèrè márùn-ún: Ta ni wọ́n bi léèrè kí wọ́n tó ṣe é? Ta ni yóò lò ó, ta ni yóò sì ta bá? Èdè wo ni ó gbọ́, àkọtọ́ wo ni ó gbà? Ta ni yóò san owó rẹ̀, ìyẹn owó iná, owó dátà àti owó àtúnṣe? Bí kò bá bá wa lára mu, ta ni a ó sọ fún, ǹjẹ́ yóò sì gbọ́?

Ẹ̀kẹta, kí a lo ọgbọ́n páálí ti UTOPIA nínú kíláàsì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ya kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sórí páálí, kí wọ́n ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ yọ nínú ìròyìn ojú ewé kan, kí wọ́n fi mọ ibi tó yẹ kí ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn wà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbé páálí náà lọ bá ìyálọ́jà, mẹkáníìkì tàbí òbí wọn, kí wọ́n ní kí ó fi “tẹ” orúkọ rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀. Owó tí iṣẹ́ yìí gbà kò ju ti páálí àti bírò lọ, ṣùgbọ́n yóò fi ojú akẹ́kọ̀ọ́ rí i pé ènìyàn ló ń pinnu ibi tí lẹ́tà wà.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ àti onímọ̀ èdè Yorùbá máa yan aṣojú síbi tí wọ́n ti ń ṣètò ìlànà ẹ̀rọ, bí wọ́n ṣe ń yan aṣojú síbi ìpàdé lórí ìdánwò àti ìwé kíkà. Viet-Std kì í ṣe ìjọba. Àwọn ènìyàn tó fẹ́ràn èdè wọn ni, wọ́n sì mọ ọjọ́ ìpàdé.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé àìsí àmì nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ìtàn: Bonn ní 1985, àwọn ìpàdé Unicode ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àkójọ ìwé tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ ìtumọ̀ ní èdè. Ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn tó ṣiṣẹ́ mọṣẹ́ wọn; olórí ni kò sí níjòókòó. Ọ̀nà mẹ́ta tí a ṣàlàyé kò ju pé kí a pe olórí, kí a wo gbogbo àwọn tí irun náà lè ta sí lára, kí a sì jẹ́ kí olórí lè di ọwọ́ abẹ mú bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, tó sì ń fèsì, ni wọ́n ń ṣe báyìí, ìpinnu lórí rẹ̀ sì ń lọ lọ́wọ́. Ìlẹ̀kùn yẹn kò tíì tì. Bí ọmọ tí a ń kọ́ lónìí bá wà níbẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò mọ ìyàtọ̀ láàrin ọkọ àti ọkọ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, olùkọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa ni yóò tún gbọ́ pé ẹ̀rọ ni kò gbà.